Òṣómàáló Orin: Bí Àwọn Olórin Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà Ti Ṣe Polówó Iṣẹ́ Wọn

 

Bí a bá dárúkọ Ìjẹ̀ṣà láwùjọ Yorùbá, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi dáhùn pé, "Òṣómàáló!" Àwọn kan rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n ìtàn òwò ńlá ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò aṣọ láti Iléṣà àti àwọn ìlú tí ó yí i ká a máa di ẹrù aṣọ, wọn a sì máa kiri rẹ̀ dé ilẹ̀ Èkìtì, ilẹ̀ Àkókó àti ìhà Kábà. Àwìn ni wọ́n ń tà á. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ yóò mú aṣọ lọ, yóò sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè bá ń fi òní dónìí, tí ó ń fi ọ̀la dọ́la, oníṣòwò náà yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò ní, "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá. J. D. Y. Peel, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìwé ńlá lórí ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà ní ọdún 1983, kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú òwò yìí rárá.

Ohun méjì ni òṣómàáló mọ̀. Ó mọ bí a ti í polówó ọjà títí ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ pàápàá yóò fi rà á. Ó sì mọ bí a ti í gba owó ọjà. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ìtàn orin ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, ìtàn ohun méjì yìí náà ni. Ọ̀nà ìpolówó ti yí padà nígbà púpọ̀: láti orí ọkọ̀ tí a so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́, dé orí rédíò, dé orí amóhùnmáwòrán, títí dé orí fóònù tí ó wà lápò olúkúlùkù wa lónìí. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kò yí padà: nígbà tí orin bá ti gba ìlú kan, ta ni yóò gba owó rẹ̀?

Nígbà tí orin fúnra rẹ̀ jẹ́ ìpolówó

Kí a tó sọ̀rọ̀ ìpolówó orin, ó yẹ kí a rántí pé orin fúnra rẹ̀ wà lára ìpolówó tí ó pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìyá ẹlẹ́kọ kì í kàn sọ pé òun ní ẹ̀kọ lórí igbá. Ó ń kọ ọ́ lórin, ó ń ki í, ó ń sọ bí ó ti gbóná tó, ohùn rẹ̀ yóò sì ti dé inú agbo ilé kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Àwọn olóògùn tí ń kiri ìlú náà mọ àṣírí yìí. Wọn a mú onílù àti oníjó dání. Ijó ni yóò pe èrò jọ, oògùn ni wọn yóò sì tà fún èrò náà.

Irú ẹgbẹ́ olóògùn bẹ́ẹ̀ ni ó gbé ọ̀dọ́mọkùnrin oníjó kan dé Òṣogbo ní ọdún 1964. Táíwò Ọláníyì ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Twins Seven Seven ni aráyé mọ̀ ọ́n sí nígbẹ̀yìn, ayàwòrán àti olórin tí àjọ UNESCO dá lọ́lá ní ọdún 2005. Ijó tí ó fi ń polówó oògùn ni Ulli Beier rí tí ó fi rọ̀ ọ́ pé kí ó dúró ní ìlú náà.

Ibi tí ó dúró sí ni Mbárí Mbáyọ̀, gbàgede eré àti iṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládiípọ̀ ṣí ní Òṣogbo ní oṣù kẹta ọdún 1962. Orúkọ ibẹ̀ pàápàá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà ní Ìbàdàn ni ó sì kọ́kọ́ lò ó. Nígbà tí ó dé Òṣogbo, àwọn ará ìlú gbọ́ ọ bí Yorùbá: "Mbá rí, mbá yọ̀," èyíinì ni pé bí mo bá rí i, inú mi ìbá dùn. Báyìí ni ìlú sọ orúkọ àjèjì di tirẹ̀. Kò sí ìpolówó tí ó ju èyí lọ, pé kí oníbàárà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọjà lórúkọ.

Òṣogbo ti di ìlú àwọn eléré ní àkókò náà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Oyin Adéjọbí. Orin àti ìlù ni òpó tí eré wọn dúró lé. Bí ẹgbẹ́ eléré bá fẹ́ ṣeré ní ìlú kan lálẹ́, ọ̀sán ni ọkọ̀ wọn yóò ti wọ̀lú. Wọn yóò lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ara ògiri, ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí ọkọ̀ yóò máa ké orúkọ eré, àwọn ọmọdé yóò sì máa sá tẹ̀ lé wọn láti àdúgbò dé àdúgbò. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1960, ìwé ìròyìn Atọ́ka tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán tẹ àwọn eré wọ̀nyí jáde, tí ẹni tí kò rí eré lójúkojú fi lè kà á nílé. Ọba Kò So, eré Dúró Ládiípọ̀, ti Òṣogbo dé Berlin ní ọdún 1964, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1965.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn nípa àwọn eléré wọ̀nyí. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń gba owó. Ọkọ̀ tí ó polówó ní ọ̀sán ni ó gbé àwọn tí yóò já tíkẹ́ẹ̀tì lálẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ orin wọn ní láti wá sí ibi tí wọ́n wà, kí ó sì sanwó kí ó tó wọlé.

I. K. Dáírò, aláṣọ tí ó di olórin

Àwo orin ni ó kọ́kọ́ ya orin kúrò lára olórin. Bí orin bá ti wọ inú àwo, a lè gbọ́ ọ ní Èkó nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ wà ní Iléṣà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ adùn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, tí ó sì rí ewu inú rẹ̀, ni Ìsáyà Kẹ́hìndé Dáírò.

Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1930, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì padà sí. Ní ọdún 1948 ó wà ní Ẹdẹ, ìlú tí kò jìnnà sí Òṣogbo, ó ń kiri aṣọ lábẹ́ ọ̀gá kan. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ àwọn òṣómàáló gan-an ni ó ń ṣe! Bí ọwọ́ bá sì dilẹ̀, a máa bá ẹgbẹ́ olórin kan ṣeré níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn àjò, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi eré. Nígbà tí ọ̀gá gbọ́, ó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí Ẹdẹ ti pàdánù aláṣọ kan nìyẹn, tí ilẹ̀ Yorùbá sì jèrè olórin kan.

Ní ọdún 1957, Dáírò dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Morning Star Orchestra, tí ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Blue Spots nígbà tí ó yá. Àkókò rẹ̀ bọ́ sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ Dáírò gba ipò kìíní nínú ìdíje orin jùjú kan tí wọ́n gbé sórí amóhùnmáwòrán. Olórin tí a ti ń fi etí nìkan mọ̀ wá di ẹni tí a ń fojú rí. Akọ́díọ̀nù tí ó gbé kọ́ àyà di àmì rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE.

Ṣùgbọ́n amóhùnmáwòrán nìkan kọ́ ni ó polówó rẹ̀. Òde àríyá ni ọjà olórin jùjú. Olórin yóò ki olówó, olówó yóò dìde jó, yóò sì máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Nígbà tí àwo wá dé, orúkọ olówó náà bá orin wọ inú rẹ̀. Ẹni tí a dárúkọ rẹ̀ yóò ra àwo fún ara rẹ̀, yóò rà á fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, yóò sì máa gbé e fún gbogbo àlejò tí ó bá wọlé gbọ́. Ó di alápolówó láìgba owó iṣẹ́. Ohun tí àwọn ọmọ òde òní ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fi orúkọ ẹni ńlá há inú orin kí ẹni náà lè gbé e sójú òpó rẹ̀, àwọn bàbá wa ti ṣe é rí.

Síbẹ̀, ìṣòro kan wà. Ilé-iṣẹ́ aláwo ni ó ń tẹ àwo, òun ni ó ń kó o lọ sọ́jà, òun náà ni ó sì ń ka iye tí ó tà. Báwo ni olórin yóò ṣe mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìṣirò náà? Ní ọdún 1969, Dáírò àti Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà, jọ dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀. Ó wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ aláwo àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ náà, ṣe ni mo ń rí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó rántí iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe ní Ẹdẹ. Ó ti tà ní àwìn tó. Ó wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà.

Mósè Ọláìyá àti ọmọ tí a bí ní Òṣogbo

Ní ọdún 1964, ọmọ Iléṣà kan tí ń jẹ́ Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀ ń darí ẹgbẹ́ olórin kan tí ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí ń ta gìtá. Sunday Adéníyì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ìdílé ọba ní Òǹdó ni, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1946. Lónìí, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí King Sunny Adé.

Nígbà tí Sunny dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1967, ó pè é ní Green Spots, èyí tí ó rántí Blue Spots ti Dáírò. Orúkọ náà sọ fún olùgbọ́ ibi tí ọmọ yìí ti ń bọ̀, kí ó tó gbọ́ ohùn gìtá rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tún mú láti ọ̀dọ̀ Dáírò ju orúkọ lọ. Ní àárín àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí èdè àìyedè wáyé láàrin òun àti ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo rẹ̀ jáde, ó dá ilé-iṣẹ́ aláwo tirẹ̀ sílẹ̀, Sunny Alade Records.

Ẹ wo àǹfààní tí ìyẹn ṣe fún un. Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ Island, tí ó gbé Bob Marley dìde, gbé àwo Jùjú Music jáde fún un. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, Aura sì tẹ̀ lé e ní 1984. Ìpolówó tí wọ́n ṣe fún un ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò ní àfiwé fún olórin Yorùbá kankan ṣáájú àkókò náà. Lẹ́yìn àwo mẹ́ta yìí, wọ́n pínyà. Ẹlòmíràn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ìbá ti parun, nítorí pé ẹni tí ó gbé òkìkí fún ọ lè mú un padà. Sunny ní ilé tí yóò padà sí. Ó padà wálé, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, a sì tún fi orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn Grammy nítorí àwo Odù tí ó jáde ní 1998.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sálà

Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ńkọ́? Mósè Ọláìyá fi orin sílẹ̀ fún eré àwàdà, ó sì di Bàbá Sálà. Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ, bóyá òun ni ó mọ ìpolówó ara ẹni jù. Awò ojú ńlá, ọ̀já ọrùn tí ó tóbi ju àyà lọ, aago gbàǹgbà: ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà yóò rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri, yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Amóhùnmáwòrán gbé e wọ inú ilé gbogbo.

Ní ọdún 1982, ó kó owó ńlá jọ, ó sì yá òmíràn, ó fi ṣe sinimá Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí. Gbogbo ìlú ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé e káàkiri tán láti gba owó ìwòran, àwọn olè ti da sinimá náà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ti ń tà á nígboro. Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Àwọn tí ìbá san owó lẹ́nu ọ̀nà ti wò ó nílé. Gbèsè dé bá ọkùnrin tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Ó tún gbìyànjú, ó ṣe àwọn sinimá mìíràn, ṣùgbọ́n àdánù náà kò kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni ó dágbére fún ayé ní Iléṣà.

Ó yẹ kí àwa tí a fẹ́ràn ìtàn ronú lórí èyí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Bàbá Sálà kò mọ ìpolówó. Òkìkí rẹ̀ gan-an ni ó jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì olè náà tà. Ó ti polówó fún ẹni tí yóò jí i gbé.

Láti orí kásẹ́ẹ̀tì dé orí fóònù

Kásẹ́ẹ̀tì kò pa orin. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ gbogbo ilé di ilé ìtẹ̀wé orin. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ oníhò méjì lè da ọ̀kan kọ sínú èkejì. Òfin kan jáde ní ọdún 1988 láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ, ṣùgbọ́n ọjà kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ ń tà lójú gbogbo ayé. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ olórin gba kámú: wọ́n ń lọ bá àwọn ọlọ́jà náà fúnra wọn pé kí wọ́n bá àwọn tan orin àwọn kálẹ̀.

Fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Láàrin ọdún mẹ́wàá, orin tí a fi ń dá ẹni tí ó bá pè wá lóhùn di ọjà ńlá. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti àwọn alágbàtà ni ó sì ń gé tiwọn kí ó tó kan olórin. Ní àkókò kan náà, ẹ ó rántí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, àwọn kọ̀ǹpútà inú wọn, àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tò síwájú wọn. Wọn yóò gba káàdì kékeré inú fóònù rẹ, wọn yóò da ọgọ́rùn-ún orin sínú rẹ̀, ìwọ yóò san owó táṣẹ́rẹ́. Onísọ́ọ̀bù jẹun, oníná jẹun. Ẹni tí ó kọ orin kò rí kọ́bọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì bákan náà, olórin ń sanwó kí wọ́n tó gbé orin rẹ̀ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́ o: aláṣọ ń sanwó kí wọ́n tó bá a gbé aṣọ rẹ̀ lọ!

Ọmọ Adélékè ará Ẹdẹ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ẹdẹ, níbi tí wọ́n ti lé Dáírò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ. Láti ìdílé Adélékè ní ìlú náà ni David Adédèjì Adélékè ti wá, ẹni tí a mọ̀ sí Davido. Àtìláńtà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1992. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ dá ilé-iṣẹ́ orin HKN sílẹ̀. Ní ọdún 2011 ni orin rẹ̀ Dami Duro gbòde, ó sì ti bọ́ sí ìta kí ó tó jáde gan-an, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti fún oríṣiríṣi ènìyàn.

Ẹ gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Sálà. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni ó bọ́ sí ìta kí àsìkò tó tó. Ọ̀kan jẹ gbèsè, èkejì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kí ló fà á? Owó Bàbá Sálà wà lára wíwo sinimá náà. Bí ènìyàn bá ti wò ó tán lọ́fẹ̀ẹ́, owó ti lọ. Ti Davido wà níwájú: òde eré tí wọn yóò pè é sí, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọn yóò ní kí ó bá àwọn polówó ọjà. Fún un, orin ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ agbohùngbohùn tí ń kéde eré alẹ́. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ọmọ olówó ni. Ó ní ohun tí yóò máa jẹ títí owó orin yóò fi dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń kọrin ní Iléṣà àti Òṣogbo kò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo gbà pé yóò wọ inú ìwé ìtàn. Davido gbé nọ́ńbà àpò ìfowópamọ́ rẹ̀ sójú òpó Twitter, ó ní kí àwọn tí wọ́n mọ̀ pé òun ti fún ní orin tí ó gbajúmọ̀ fi owó ránṣẹ́ sí òun. Àwàdà ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, owó náà ti lé ní 200 mílíọ̀nù náírà. Ó fi tirẹ̀ kún un, ó sì kéde pé òun yóò pín 250 mílíọ̀nù náírà fún àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí. Ohun ìyanu ni pé ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin de Twitter láti oṣù kẹfà ọdún náà, kò sì ṣí i padà títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé ibi gbogbo.

Bí àgbàlagbà Ìjẹ̀ṣà kan bá gbọ́ ìtàn yìí, kò ní pẹ́ kí ó tó mọ ohun tí ọmọ náà ṣe. Ó ti tà ní àwìn fún ọdún mẹ́wàá. Ó wá lóṣòó.

Ijó ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan

Lónìí, òde TikTok ni ọ̀pọ̀ olórin ti ń bẹ̀rẹ̀ ìpolówó. Wọn yóò gé ibi tí ó dùn jù nínú orin, bóyá ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn yóò dá ijó kan sí i, wọn yóò sì ní kí aráyé jó o. Orin Davido, Unavailable, tí ó jáde ní ọdún 2023 gba ọ̀nà yìí kárí ayé. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ń jó o ní ilé ìdáná wọn. Ọgbọ́n àwọn olóògùn ìgbà 1964 náà ni: ijó ni kí ó pe èrò jọ ná.

Ṣùgbọ́n bí èrò bá ti pé, níbo ni owó wà? Boomplay bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2015, Spotify sì dé ní oṣù kejì ọdún 2021. Ní irú ibi wọ̀nyí, owó tí àwọn olùgbọ́ ń san àti owó ìpolówó yóò wọ inú àpò kan, a ó sì pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìgbà tí a gbọ́ orin olúkúlùkù. Nítorí pé owó tí olùgbọ́ ń san ní Nàìjíríà kéré púpọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ẹnì kan tí ó gbọ́ orin rẹ lókè òkun lè mú owó wá ju ọ̀pọ̀ tí ó gbọ́ ọ ní Òṣogbo lọ. Spotify sọ pé owó tí àwọn olórin Nàìjíríà rí gbà lọ́dọ̀ òun ní ọdún 2024 ju bílíọ̀nù 58 náírà lọ. Owó ńlá ni. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé bí ó ti yẹ ni ó sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọrin, ẹ gbọ́ ohun tí ìtàn yìí ń wí. Kí orin tó jáde, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ta ni ó lu ìlù rẹ̀, kí sì ni ìpín olúkúlùkù. Kí ẹ má ṣe buwọ́ lu ìwé tí ẹ kò kà. Kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí ń bá olórin gba owó. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ, Òfin ọdún 2022 tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ti dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti la ọ̀nà tí a lè gbà mú kí wọ́n yọ iṣẹ́ ẹni tí wọ́n jí kúrò níbẹ̀. Bàbá Sálà kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní 1982. Ẹ̀yin ní in.

Bí iye àwọn tí ó wo ijó yín bá di mílíọ̀nù kan, ẹ yọ̀, nítorí pé ìpolówó ti jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn aláṣọ wọ̀nyí. Wọ́n rin ìrìn àjò jíjìn, wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ lọ́wọ́ àlejò, wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú owó wọn nítorí pé wọn kò tijú láti lóṣòó. Dáírò ṣe é ní 1969. Sunny ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Sálà, tí ó kọ́ Sunny níṣẹ́, ni a kò gba owó rẹ̀ fún.